Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Gbé Wálé

Ṣàkírátù ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí gáréèjì Ìlá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, bẹ́ǹṣì fún àwọn oníbàárà, àti ẹní kan nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Orí ẹní yẹn ni Àsíìsì, ọmọ rẹ̀, máa ń jókòó sí. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ni Ṣàkírátù ń rán jù. Ó mọ̀ ọ́n rán, kì í sì í yẹ àdéhùn.

Aṣọ ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń rán lódì. Ìta ni ojú rírán máa ń wà lára ẹ̀wù Àsíìsì, kí ibi tó jọ̀lọ̀ lè kọjú sí ara ọmọ. Awọ ara Àsíìsì kò gbà kí nǹkan kan ha òun. Á pọ́n, á bó, á máa ṣomi, láti ẹ̀yìn etí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ a máa fi ẹ̀wù náà ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Àsíìsì, ẹ ò rí i pé ẹ ti kọ ẹ̀yìn ẹ̀wù ọmọ yín síta? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa rán tèmi?"

"Tìẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara tìẹ le bíi pọ̀ǹmọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á sì padà sórí ẹní tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Àsíìsì kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Ọlámilékan ló ṣíwájú. Kí ìyẹn tó lè dá jókòó ni ara rẹ̀ ti sú, tí ìgbẹ́ gbuuru sì mú un. Àwọn kan ní eyín ló ń hù. Àwọn kan ní omi ọmú ìyá rẹ̀ ni kò dára. Ọmọ náà ń gbẹ lójú wọn títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó pe Ṣàkírátù ní Ìyá Lékan mọ́. Wọ́n padà sí pípè é ní ìyàwó, bí ẹni pé kò tíì bímọ rí, títí ó fi bí Àsíìsì.

Nígbà tí ara Àsíìsì náà sú, Ṣàkírátù kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wí. Ó pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn. Ibì kan rán wọn lọ sí ibòmíràn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Fádípẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí Ìlá. Obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Nígbà yẹn, ìtọ̀ ṣúgà, tó jẹ́ pé àgbàlagbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ti kún àìsàn Àsíìsì. Ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ já gaara ti ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ní ikùn.

Dókítà Fádípẹ̀ béèrè nípa Ọlámilékan. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí.

"Ìyá tó bí yín, ṣé ó bí ọkùnrin?"

"Ó bí méjì, Dókítà. Kò sí èyí tó dúró."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Mi ò tíì dáyé. Wọ́n ní ara wọn ń bó."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Àsíìsì, ó gba ti Ṣàkírátù, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nígbà tí èsì dé, ó ní kí tọkọtaya wá.

Tìjání, ọkọ Ṣàkírátù, ń wa takisí láti Ìlá sí Òṣogbo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà, ó wẹ̀, ó wọ fìlà tó ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó jókòó sétí àga. Ṣàkírátù jókòó tì í, ó gbé Àsíìsì lé ẹsẹ̀. Jàmíátù, àbúrò Àsíìsì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Inú ara gbogbo wa ni àjẹsára wà," Dókítà Fádípẹ̀ wí. "Òun ló ń bá àrùn jà fún wa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tó ń sọ fún un pé, ó tó, ara ẹ nìyí, dáwọ́ dúró. Nǹkan yẹn ò sí lára Àsíìsì. Àjẹsára ara ẹ̀ ló ń bá a jà. Ó ń bá awọ ara jà, ó ń bá ìfun jà, ó ti ba ibi tó ń ṣètò ṣúgà jẹ́."

"Ta ló fi ṣe é?" Tìjání béèrè.

"Kò sẹ́ni tó fi ṣe é, Bàbá Àsíìsì. Àbùdá ni. Bí ọmọ ṣe ń jogún imú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jogún ẹ̀."

Tìjání fọwọ́ kan imú rẹ̀. "Imú mi ló ní."

"Imú yín ni. Èyí kì í ṣe tiyín. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá." Ó yára kọjú sí Ṣàkírátù. "Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ ò lè mọ̀. Obìnrin á kàn máa gbé e kiri ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ tó bá bí lọ́kùnrin ló lè mú, kì í sì í mú gbogbo wọn."

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí ńkọ́?"

"Obìnrin ni. Àìsàn náà ò ní ṣe é. Ó lè máa gbé e, ó sì lè má gbé e."

Ó wá ṣàlàyé oògùn. Oògùn náà yóò mú kí àjẹsára Àsíìsì rọlẹ̀, kí ó yéé jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti rọlẹ̀, kò ní lágbára mọ́ láti bá àrùn mìíràn jà. Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí Àsíìsì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà mọ́.

"Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé ni ògiri ẹ̀. Jàmíátù gbọ́dọ̀ gba gbogbo abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lásìkò. Pàápàá abẹ́rẹ́ èéyí. Bí èéyí bá wọ ilé yín, ọmọ yìí ò ní lè bá a jà. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé wọn. Àwọn méjèèjì ló dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Tìjání kò tan rédíò ọkọ̀. Wọ́n ti ń sún mọ́ Ìlá kó tó sọ̀rọ̀.

"Màámi á béèrè."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Obì ló ń tà, ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ oko Òkè-Ìlá. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ọlámilékan, ó ti sọ ọ́ létí Ṣàkírátù pé òun bí mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà láyé, òun kò sì mọ ibi tí ikú ọmọdé gbà wọ ilé òun. Kò tún un sọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì ti tó.

Wọ́n bá a níwájú ilé, ó ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára. Kò jẹ́ kí wọ́n jókòó.

"Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe é?"

Tìjání wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ní àjẹsára ló ń bá a jà, Màámi."

Ibẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí.

Ní Ìlá, bí a bá ní àjẹsára, ohun tí nọ́ọ̀sì ń kán sí ọmọ lẹ́nu là ń sọ, àti èyí tó ń gún ọmọ nítan. Òun ni mọ́tò ìjọba ń kéde káàkiri àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ń pe nǹkan tó wà nínú ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́ ju obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo wí! Ṣé mi ò wí? Lọ́jọ́ tí wọ́n gún un tí itan ẹ̀ wú, ṣé mi ò bi yín pé kí lẹ wá lọ débẹ̀? Èmi tí mo bí mẹ́fà, ta ni mo gbé lọ gún? Ìwọ Tìjání, ta ló gún ọ?"

"Màámi—"

"Dákẹ́! Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ba ọmọ jẹ́ tán, wọ́n wá ń fi dókítà pẹ̀tù sí wa nínú." Ó kọjú sí Ṣàkírátù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyàwó mi, pẹ̀lẹ́. Òun náà ló pa Lékan. Àwa ò mọ̀. Pẹ̀lẹ́, jàre."

Ó gba Àsíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì kan èjìká Ṣàkírátù, ó sì fi í síbẹ̀ díẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé bí ìyàwó. Ṣàkírátù la ẹnu. Tìjání mi orí díẹ̀, bí ẹni tí kò mi orí. Ṣàkírátù pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ tán?"

"Kí n sọ pé ọ̀dọ̀ ẹ ló ti wá? Ṣé o fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn máa bá ọ gbé nínú ilé yìí? Jẹ́ kí Màámi bínú sí ìjọba. Ìjọba ò bá wa gbélé."

Ṣàkírátù gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún rọrùn fún un láti gbà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ara Àsíìsì gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń da òwú rú. Ó kọ́ igbe àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì bàbá rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti yọjú, á na ọwọ́ sókè: "Òṣogbo, ẹnì kan! Ẹnì kan, á gbéra!" Àwọn obìnrin á ní àwọn ń bọ̀, kí ó di àyè mú dè wọ́n. Ṣàkírátù á ní kó má wá kó èrò lé bàbá ẹ̀ lórí, pé ọkọ̀ ti kún. Kò tíì rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju pé kí ó máa rí i bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yẹ kí Jàmíátù gba abẹ́rẹ́ èéyí dé. Mọ́tò ìjọba wá sí àdúgbò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké lórí rẹ̀. "Ẹ gbé ọmọ yín jáde o! Àjẹsára ọ̀fẹ́ ni o!"

Àbíkẹ́ gbé Jàmíátù wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá dúró níwájú ilé.

"Ẹ kọjá lọ! Èyí tẹ́ ẹ ṣe nílé yìí ti tó. Ẹ lọ gún ìyá yín!"

Àwọn tó wà nínú mọ́tò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá. Ṣàkírátù wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú aláboyún àdúgbò, wá gba aṣọ iléèwé ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Àsíìsì, mi ò rí Jàmíátù o."

"Ó ń wúkọ́ díẹ̀. Kí ara ẹ̀ yá ná."

"Ikọ́ ò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè wá."

"Mò ń bọ̀, nọ́ọ̀sì."

Ó fẹ́ gbé e lọ ní bòókẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ ló ń wẹ Jàmíátù láràárọ̀. Ó mọ gbogbo àmì tó wà lára ọmọ náà, kò sí ojú abẹ́rẹ́ tó lè pamọ́ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ náà lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti sọ pé irọ́ ni, pé kì í ṣe abẹ́rẹ́, pé láti inú ẹ̀jẹ̀ òun ni, pé òun ló pa Lékan láìmọ̀. Ó tò ó lẹ́nu bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń tẹ ẹ̀rọ. Bó bá délé, Àbíkẹ́ á ti bu ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀ dè é. "Ìyàwó mi, ó ti rẹ̀ ọ́ jù. Jókòó, jẹun." Ó ń jókòó, ó ń jẹun.

Ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo Ìlá. Wọ́n ní èéyí ti mú àwọn ọmọ kan ní òpópónà kejì. Ṣàkírátù pinnu pé òun máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Tìjání bá wà nílé. Kí Jímọ̀ tó pé, Jàmíátù jí pẹ̀lú ojú pípọ́n àti ikọ́. Ikùn rẹ̀ gbóná bí irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Nígbà tí ara rẹ̀ sú láti iwájú orí wá sí àyà, kò sẹ́ni tó nílò láti béèrè ohun tó jẹ́.

Ṣàkírátù gbé Àsíìsì sórí ọ̀kadà, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Ìlá. Ó fi aṣọ bo imú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ náà ń já aṣọ náà kúrò, ó ń pe èrò. Ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà lòun àti àbúrò rẹ̀ ti ń sùn láti ìgbà tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èéyí kì í dúró kí wọ́n rí i kó tó ràn.

Ara Àsíìsì kò sú. Ohun tó tan ìyá àgbà rẹ̀ ní abúlé jẹ nìyẹn, ó ní ó ti bọ́. Awọ ara rẹ̀ ń dán. Kò dán bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Inú àyà rẹ̀ ni àrùn náà gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n fi máa ránṣẹ́ pe Ṣàkírátù, ọmọ náà ń mí bí ẹni tó ń sáré.

Tìjání já èrò sílẹ̀, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà Fádípẹ̀. Dókítà gbé ohun tó fi ń gbọ́ àyà lé e láyà, ó gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló ní èéyí nílé?"

"Àbúrò ẹ̀," Ṣàkírátù wí.

"Ṣé ó gba abẹ́rẹ́?"

Tìjání ló dáhùn.

"Rárá, Dókítà."

Dókítà Fádípẹ̀ kò bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ tó máa fi mí wá. Ó dúró ti ọmọ náà ju bí àwọn dókítà ṣe máa ń dúró lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò ní imú rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Tìjání gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn àlùfáà ti ń dúró dè wọ́n ní Ìlá. Wọ́n kí ìrun sí i lára, wọ́n sin ín.

Àwọn èèyàn wá kí wọn. Àwọn obìnrin kún yàrá iwájú. Jàmíátù, tí ara rẹ̀ ti ń yá, ń rá láàárín ẹsẹ̀ wọn, awọ ojú rẹ̀ ń ṣí bí èèpo. Àbíkẹ́ jókòó lórí àpótí, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ń sọ ohun kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

"Àjẹsára tí wọ́n gún un ló pa á. Dókítà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Kò kúrò lára ẹ̀ láti ọjọ́ náà títí ó fi pa á."

"Ẹ̀mí á gùn lẹ́yìn ẹ̀, Ìyá."

"Ẹ má gbé ọmọ yín lọ o. Ojú mi ló ṣe."

Ìrètí, obìnrin tó ń gbé ilé kejì, wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀, tí kò tíì fi ọmú sílẹ̀, wà ní àyà rẹ̀. Ó fa aṣọ bo ọmọ náà.

"Ọ̀la gan-an ni wọ́n ní kí n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́," ó wí. "Mi ò lọ mọ́."

Ṣàkírátù kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Irọ́ ni, Ìyá."

Àbíkẹ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí lo wí?"

"Mo ní irọ́ ni. Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Inú ẹ̀jẹ̀ mi ló wà, mo jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Òun ló pa Lékan. Òun náà ló jẹ́ kí Àsíìsì má lágbára. Èéyí ló pa á, ara Jàmíátù ló ti ràn án, torí Jàmíátù ò gba abẹ́rẹ́. Dókítà ní ká gún un. Mo gbọ́. Mi ò gbé e lọ."

Ẹnì kan pe orúkọ Ọlọ́run jẹ́jẹ́. Àbíkẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí.

"Tìjání. Ohun tó ń sọ yìí, ṣé o mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Màámi. Èmi ni mi ò sọ ọ́ tán."

Obìnrin àgbà náà kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí Ṣàkírátù nìkan gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ló gbọ́.

"Ọmọ obìnrin ló kù fún ọ yìí. Bó bá dàgbà, tí ará ilé ọkọ bá wá wádìí ìdílé wa, kí ni wọ́n máa gbọ́? Níwájú èrò lo ti sọ ọ́. Ta ló máa wá fẹ́ ẹ?"

"Bí wọ́n bá wá wádìí, ẹ ní kí wọ́n wá bi mí."

"O ti pa èyí náà nìyẹn."

Ọ̀kan lára àwọn àlejò dìde, ó ní òun gbé omi kaná. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń kí Àbíkẹ́ bí wọ́n ti ń jáde, wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe kí Ṣàkírátù. Yàrá ń ṣófo. Ìrètí nìkan ló ṣì dúró, ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọ̀dọ̀ ìyàwó.

"Ìyá Àsíìsì," ó wí, ó sì dúró, nítorí kò mọ̀ bóyá ó ṣì yẹ kí òun pe orúkọ náà. "Ṣé kí n gbé e lọ, àbí kí n má gbé e lọ?"

"Gbé e lọ."

"Má gbé e lọ o," Àbíkẹ́ wí.

Ìrètí pọn ọmọ rẹ̀. Ó fún ọ̀já náà mọ́ra, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Àbíkẹ́, ó sì jáde. Ilé ìtọ́jú wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá jáde, ilé Ìrètí wà ní ọwọ́ òsì. Ṣàkírátù na ọrùn, ṣùgbọ́n láti ibi tó jókòó sí, kò rí ibi tó yà sí.